Àgbà Tí Ń Sáré Kò Ba Àṣà Jẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Òwe náà dára púpọ̀ ní ipò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé àwa ará Ìlọrin ti gbé e kúrò nínú ẹ̀gún wá sí ojú títì. Bí ọkùnrin ẹni ọdún 45 bá wọ bàtà kańfáàsì, tí ó ń sáré láti Tankẹ́ lọ sí ọ̀nà Yunifásítì lẹ́yìn ìrun àsùbáà, àwọn tí ó bá pàdé yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun tí ń lé e. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan, wọn yóò béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?" Bí ó bá jẹ́ ìyá ọlọ́mọ ni ó ń sáré, ìbéèrè náà yóò di ẹ̀rín, ẹ̀rín yóò sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá di ohun tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń sáré oníkìlómítà 10 ní Okpekpe ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ní ọjọ́ 6, oṣù kejì, ọdún 2016, ìlú Èkó náà bẹ̀rẹ̀ máràtọ́ọ̀nù tirẹ̀, láti Súrùlérè títí dé Erékùṣù Victoria. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í ṣe eléré-ìdárayá ni ó ń pinnu pé àwọn náà yóò gbìyànjú ìdajì máràtọ́ọ̀nù, ìyẹn kìlómítà 21 àti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà. Ẹni tí yóò sá a lórí pápá ìṣeré onímítà 400 yóò yí pápá náà po ju ìgbà 52 lọ. Kì í ṣe eré ọmọdé rárá. Ìbéèrè mi ni pé, ǹjẹ́ àṣà Yorùbá kọ̀ ọ́ fún àgbàlagbà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èdè wa. "Sá" àti "eré" ni ó para pọ̀ di "sáré". "Sá" yìí kan náà ni a ń lò fún ẹni tí ó sá fún ogun, ẹni tí ó sá fún gbèsè àti ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀. "Eré" ẹ̀wẹ̀, ohun tí a fi ń mọ ọmọdé ni. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé bí a bá rí àgbà tí ń sáré, ohun méjì ni ọkàn wa máa ń lọ sí: yálà ó ń sá fún nǹkan, tàbí ó ń ṣe bí ọmọdé. Àṣà ọlá náà tún kún un. Ní ìlú tiwa yìí, tí àwọn akéwì kì í kì láìdárúkọ ẹṣin, ẹni tí ó bá níyì a máa gun ẹṣin, tàbí kí ó wọ agbádá kí ó máa rọra rìn. Àwọn ẹlòmíràn ni ó ń sáré níwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a mọ́ lára yàtọ̀ sí ohun tí àṣà kọ̀. Ní ayé Ọ̀yọ́ Ilé, ìlàrí ni ìránṣẹ́ Aláàfin. Ibi tí ìlàrí bá dé, ojú Aláàfin ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń wò ó, nítorí iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ ni ó fún un ní iyì. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ náà sì ni ìtàn sọ pé ó bí máràtọ́ọ̀nù: àwọn ará Gíríìsì sọ pé ìránṣẹ́ kan sáré láti pápá ogun Marathon lọ sí Áténì láti ròyìn ìṣẹ́gun. Ìtàn yìí ni wọ́n fi dá eré náà sílẹ̀ níbi Òlíḿpíìkì ọdún 1896, kí wọ́n tó sá ìwọ̀n kìlómítà 42 àti mítà 195 fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1908. Kì í ṣe ọmọdé tí ń ṣeré ni ìtàn náà dá lé lórí.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ẹ̀sìn dí wa lọ́wọ́, kí ó bi àwọn aáfáà wa léèrè. Ó wà nínú hàdíìsì tí Abu Dawud kó jọ pé Ànábì Muhammad àti aya rẹ̀ Aishat sáré ìje lójú ìrìn-àjò, Aishat sì borí. Nígbà tí ó pẹ́, tí Aishat ti sanra, wọ́n tún jọ sáré, Ànábì ni ó sì borí ní ọjọ́ náà. Ànábì ti lé ní ẹni 50 ọdún nígbà náà. Bí eré kò bá bu iyì irú ẹni bẹ́ẹ̀ kù, èwo ni ti olùkọ́ tàbí akọ̀wé ìjọba? Obìnrin tí ó bá wọ ṣòkòtò tí kò fún, ẹ̀wù gígùn àti ìborí kò tàpá sí ìlànà ìbora, kò sì sí ohun tí ó ní kí ó má lè sáré.

Ohun tí ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín nìkan, ẹ̀mí ni. Àwọn bàbá wa kò nílò ẹni tí yóò ní kí wọ́n sáré, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí oko tí wọ́n fi ń bọ̀, ọkọ́ sì ń bẹ lọ́wọ́ wọn láti àárọ̀. Àwa ń gun ọ̀kadà dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, a ń jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, a sì ń jẹ àmàlà tí bàbá wa jẹ láìṣe iṣẹ́ tí bàbá wa ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti di àlejò tí kò lọ mọ́ ní ilé púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ kan. Àwa tí ojú ń tì láti sáré fún ìdajì wákàtí, ojú kì í tì wá láti ná owó ńlá sórí òkú ẹni tí kò tíì dàgbà tó láti kú.

Síbẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Asúrétete kò ní í kọjá ilé, arìngbẹ̀rẹ̀ kò ní í sùn sọ́nà. Kí ẹni tí kò sáré rí láti ọdún pípẹ́ kọ́kọ́ lọ rí dókítà, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ìrìn bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó: kí ó sáré fún ìṣẹ́jú kan, kí ó rìn fún méjì, títí ìdajì wákàtí yóò fi pé. Bí kò bá lè bá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù. Díẹ̀díẹ̀ ni kí eré máa gba ipò ìrìn. Kí ó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn, kí ó máa fi bíi kìlómítà kan kún un, kí ó sì dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kí ara lè sinmi. Bí ó bá ti lè sá tó kìlómítà 16 tàbí 18, ìdajì máràtọ́ọ̀nù kò ní í ṣe é ní èèmọ̀. Oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà kò pọ̀ jù fún èyí. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí ó dúró, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi Abebe Bikila ti Ethiopia ṣe àwáwí, ẹni tí ó fẹsẹ̀ lásán borí ní Róòmù ní ọdún 1960. Ọmọ-ogun tí ó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni. Kí aláìmọ́lára wọ bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Kí ó mọ ìgbà pẹ̀lú: oòrùn Ìlọrin ní oṣù kẹta kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, eruku ọyẹ́ a sì máa dí ọ̀nà ọ̀fun. Nínú oṣù Ramadan, kí aláàwẹ̀ dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, kí ó sì sún un sí ẹ̀yìn ìṣínu.

Orúkọ ìlú wa pàápàá ń kọ́ wa ní sùúrù. Ìtàn sọ pé òkúta tí ń bẹ ní Ìdí-Àpẹ́ ni àwọn ọdẹ fi ń lọ irin, tí ìlú fi di Ìlọrin. Kò sí irin tí ó mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí òkúta náà. Lílọ lójoojúmọ́ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwa tí ń wòran. Yorùbá kò ní iṣẹ́ tí kò ní kíkí. A ń kí ẹni tí ń rìn, ẹni tí ó jókòó, ẹni tí ń dirun àti ẹni tí ó dúró pàápàá. Ẹni tí ń sáré nítorí ìlera rẹ̀ nìkan ni a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ó ń lé e. Bí a bá pàdé rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ jẹ́ kí a kí i pé, "Ẹ kú ìsáré o, ẹsẹ̀ á máa ràn yín o." Kò ná wa ní nǹkan kan, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò gbé e dé ilé.