Kò Dùn Ún, Kò Dùn Ún

Díẹ̀ ló kù kí n fọ́ rédíò mi lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n gbé ìyá kan tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ọmọ rẹ̀ wá sórí ètò. Ó ní ọmọ náà ti ń ṣeré, àfi pé kì í fẹ́ kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Atọ́kùn bi í bóyá ojú ń dùn ún. "Rárá o." Ni wọ́n bá ké "A dúpẹ́!", wọ́n ki orin bọ̀ ọ́.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti "kò dùn mí" ti ń jà. Àárín wa ò tíì gún.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo fẹ́ sọ. Prednisolone wà lára ohun tí wọ́n ń lò kí ara má baà kọ kíndìnrín àjèjì. Ẹ̀mí ló ń gbà là. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lára, jígí inú ẹyinjú lè ṣú, ìyẹn kataráàtì. Omi inú ẹyinjú sì lè há, kó máa tẹ iṣan ìríran títí yóò fi kú, ìyẹn gilókómà. Èwo ló sábà ń dunni níbẹ̀rẹ̀? Kò sí! Bàbá mi àgbà ní kò dun òun títí tó fi ń kí òpó iná pé "ẹ káàsán o".

Ti bàbá tilẹ̀ sàn. Bí kataráàtì bá pẹ́ lójú ọmọdé, ọpọlọ á pa ojú yẹn tì. Wọn ì báà ṣiṣẹ́ abẹ kí wọ́n yọ jígí tó ṣú náà, ó lè má lò ó mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò sì mọ bí ayé ṣe ń rí lójú ẹlòmíì. Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ ní olóríkunkun ni!

Dókítà ojú kì í bi í léèrè ìrora. Á fọwọ́ bo ojú kan, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Á bo èkejì, ọmọ á gbá ọwọ́ náà dànù, á figbe ta. Èyí tó ń lò ni wọ́n bò yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kán oògùn tí yóò mú ọmọlójú fẹ̀, wọ́n á yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n á wọn bí omi ibẹ̀ ṣe le tó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ àyẹ̀wò ojú sínú káàdì ọmọ. Bí nọ́ọ̀sì bá ní dókítà kíndìnrín ò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó tì í.