Ówàḿbẹ̀ Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gàn

Ó ti di àṣà àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan láti máa yínmú bí wọ́n bá gbọ́ ‘ówàḿbẹ̀’. Lójú wọn, ọ̀rọ̀ ìgboro ni, ọ̀rọ̀ àwọn aláṣejù. Èmi kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn tí wọ́n fi ń ṣe àwòkọ́ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan, balletomane, fún ẹni tí ìfẹ́ ijó báléètì ti gba ọkàn rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà ni wọ́n ti yá a. Arnold Haskell sì sọ ìwé rẹ̀ ti ọdún 1934 ní Balletomania. Èdè Gíríìkì ni ìparí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, wèrè sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wèrè ni wọ́n pe olùfẹ́ ijó, síbẹ̀ àwọn ọ̀tọ̀kùlú wọn ń fi orúkọ náà yangàn.

Àwa ńkọ́? Ówàḿbẹ̀ ni à ń pe òde àríyá tí ìlù ti ń dún, a sì ń pe ẹni tí kì í pa irú òde bẹ́ẹ̀ jẹ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. ‘Ó wà níbẹ̀’ ni gbólóhùn tí a sún kì tó fi di ọ̀rọ̀-orúkọ. Kò sí wèrè nínú rẹ̀, kò sí owó nínú rẹ̀. Wíwà níbẹ̀ ni: pé ènìyàn yọjú, kò jẹ́ kí olóde dá jó. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ta ni ń ṣe òkú àgbà tí kì í rántí ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá?

Wọn yóò ní ìnáwó ni àwọn ń bá wí. Ẹ bá ìnáwó wí. Jíjẹ gbèsè nítorí aṣọ ẹbí kò dára. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 pàápàá sọ fífọ́n náírà lójú agbo di ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n wà fún. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Sákárà tí Yusuf Ọlátúnjí, olóògbé ọdún 1978, fi gbajúmọ̀ ní Abẹ́òkúta kì í sáré. Ẹni tó bá fẹ́ jó o gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ gbọ́ ìlù. Ṣé ìṣe aláṣejù nìyẹn?

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ wa ti ń kọ ‘owambe’ láìsí àmì ohùn, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín. Kí àwa olùkọ́ mú un wọ kíláàsì, kí a tú u palẹ̀ fún wọn. Bí a bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àtúmọ̀ èdè ẹlòmíràn ni yóò máa sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa, ìnáwó nìkan ni yóò sì rí sọ.