Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀ Tí A Kò Mú Wá Sáyé?

Ìjà ilẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè. Láti Òrù dé Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Àgọ́-Ìwòyè dé ẹsẹ̀ odò lọ́hùn-ún, kò sí oko kòkó, kò sí oko obì, tí a kò lè bi ẹni tí ó ń kórè rẹ̀ léèrè pé baba ta ni ó kọ́kọ́ fi àdá ṣán igbó náà. Ẹni tí ó bá sì dáhùn láìkólòlò ni àwọn àgbà máa ń dá láre.

Nítorí náà ni ẹ̀kọ́ òmìnira ẹnìkọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní libertarianism, kò fi ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Òpó mẹ́ta ni ó gbé e dúró: pé olúkúlùkù ni ó ni ara rẹ̀, pé ohun tí ènìyàn bá fi òógùn ojú rẹ̀ yọ nínú igbó tí ẹnìkan kò ì fọwọ́ kàn di tirẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọlọ́ṣà, ìbáà ṣe ìjọba, kò gbọdọ̀ fipá gbà á. John Locke ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ òógùn yìí múlẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1689. Robert Nozick ará Amẹ́ríkà sì wí ní ọdún 1974 pé owó-orí tí a gbà lórí owó iṣẹ́ ènìyàn kò yàtọ̀ sí kí a fipá mú un sìn.

Èmi kò ní fọwọ́ rọ́ ẹ̀kọ́ yìí sẹ́yìn, nítorí a ti rí ohun tí ipá ń ṣe. Ní ọdún 1892, nígbà tí àwọn baba wa ń ti ojú ọ̀nà, tí wọ́n sì ń gba owó ibodè, Gómìnà Carter ti Èkó rán ogun wá bá wa ní Ìmàgbọn: òmìnira òwò ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, ìbọn Maxim ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1978 ẹ̀wẹ̀, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣe òfin tí ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ gómìnà, tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gba oko àgbẹ̀, irè àti ilé orí rẹ̀ ni wọn yóò san owó fún, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó. Níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Nozick jàre.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ kọ ni pé wọ́n rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ ọjà. Ní ọdún 1912, nígbà tí ìgbìmọ̀ òyìnbó ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Elési ti Òdógbolú, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa, là á yé wọn pé ẹbí ńlá kan ni ó ni ilẹ̀, pé ọ̀pọ̀ nínú ẹbí náà ti kú, ìwọ̀nba ni ó wà láàyè, àwọn tí a kò ì bí kò sì lóǹkà. Ẹni tí ó ṣán igbó ni ó ni irè. A kàn fi í ṣọ́ ilẹ̀ ni. Locke pàápàá wí pé kí ẹni tí ó mú tirẹ̀ ṣẹ́ èyí tí ó tó, tí ó sì dára, kù fún ẹlòmíràn. Àjẹkù ni a fi ń mọ àyó. Ta ni ó ń ṣẹ́ kù lónìí, nígbà tí ọmọ kan ń ta igbó baba mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan?

Ti owó-orí ńkọ́? Láti inú àpò ìlú ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ti mú owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti January 1955, tí ọmọ tálákà fi mọ̀wé. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí a ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà sì dìde lórí ọ̀rọ̀ owó-orí ní ọdún 1968, tí ìbínú wọn gbóná bí iná ọyẹ́, wọn kò wí pé àwọn kò ní san rárá. Òkẹ́ mẹ́fà, èyíinì ni ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn yóò san. Àgbẹ̀ mọ̀ pé igi kan kò lè dá igbó ṣe. Ìrẹ́jẹ ni ó kọ̀, kò kọ ìlú.

Ìdájọ́ mi nìyí: olúkúlùkù ni ó ni ara rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bí ara rẹ̀. Kí gómìnà má ṣe pe ara rẹ̀ ní baba ilẹ̀. Kí olórí ẹbí má sì ṣe pe ara rẹ̀ ní ẹbí. Òfin 1978 ṣì wà lábẹ́ ààbò òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, títún un ṣe kò sì rọrùn. Ẹ̀yin tí a dìbò yàn láti ilẹ̀ wa, iṣẹ́ tí a rán yín nìyẹn. Ìwọ tí ó sì di ìwé ilẹ̀ ẹbí mú lọ́wọ́, tí oníbàárà ń dúró dè ọ́, kọ́kọ́ ka iye ọmọ tí a kò ì bí kí o tó tẹ̀ka.