Ènìyàn Inú Ọkọ̀ Agolo: Ère Ni Tàbí Eré?

 

Ẹni tí ó bá gba Boundary láti Apapa wọ Ajégúnlẹ̀ yóò rí i pé ohun tí ojú ọmọdé ń rí ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Láti ọdún 1926 ni ẹrù ti ń ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin ní èbúté Apapa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wọ inú èbúté náà. Tírélà tí ó gbé kọntéínà kò sì wọ́n lójú títì. Nítorí náà ni ọmọ Ajégúnlẹ̀ ṣe ń fi agolo mílíìkì ṣe tírélà, tí ó ń so agolo sàdíìnì mọ́ ara wọn bíi rélùwéè, tí ó sì ń gé sìlípáàsì tí ó ti gbó ṣe táyà. Bí ọkọ̀ bá parí tán, ọmọ náà yóò rí i pé òkú ọkọ̀ ni, nítorí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Yóò wá fi amọ̀ mọ dírẹ́bà, yóò fi igi ìṣáná ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, yóò sì to èrò sí orí òrùlé rélùwéè, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti gùn ún fún ọdún púpọ̀.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí Mùsùlùmí kan, tí wọ́n ti gbọ́ pé Islam kọ ère, a gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́, wọn a sì fi iná ọ̀run dẹ́rù bà á. Èrò ọkàn wọn dára, ṣùgbọ́n ìdájọ́ wọn kò pé. Òtítọ́ ni pé àwọn Hadíìsì tí ó kìlọ̀ fún àwọn tí ń ya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì le. Kò sí Mùsùlùmí tí ó gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú Hadíìsì kan tí ó fi ìyókù sílẹ̀ kò tíì mú Sunnah.

Bukhari àti Muslim gbà á wá pé Nana Aishat, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, a máa fi ọmọláńgidi ṣeré nínú ilé Ànábì. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sá pamọ́ nígbà tí Ànábì wọlé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rán wọn padà sí i kí wọ́n lè jọ máa ṣeré. Abu Dawud náà gbà á wá pé Ànábì rí ẹṣin kan láàárín àwọn ohun ìṣeré náà, tí ó ní ìyẹ́ méjì tí wọ́n fi aṣọ ṣe. Ó bi í léèrè bí ẹṣin ṣe ń ní ìyẹ́. Ó dáhùn pé ṣé kò gbọ́ pé ẹṣin Ànábì Sulaimana ní ìyẹ́ ni. Ànábì rẹ́rìn-ín títí eyín ọ̀gànjọ́ rẹ̀ fi hàn. Ẹṣin sì ni ohun ìrìnnà ayé ìgbà náà! Bákan náà, àwọn obìnrin Mẹ̀dínà a máa fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún àwọn ọmọ wọn ní ọjọ́ ààwẹ̀ Áṣúrà, kí ebi má baà pa wọ́n lójú. Nítorí ẹ̀rí wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ àwọn onímímọ̀ ṣe yọ ohun ìṣeré ọmọdé sílẹ̀ nínú èèwọ̀. A gbọ́ pé Imam Malik kọrò ojú sí rírà á. Ṣùgbọ́n kíkọrò ojú yàtọ̀ sí èèwọ̀.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ń jẹ́ ère. Ère ìbejì ni wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n ń fi osùn pa lára, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún, tí wọ́n sì ń bẹ̀. Irú ìfarajì bẹ́ẹ̀ ni Ànábì Ibrahim bá àwọn ènìyàn rẹ̀ wí sí. Ta ni ó kúnlẹ̀ rí fún dírẹ́bà amọ̀? Òjò ń pa á, gọ́tà ń gbé e lọ, ọmọ ń mọ òmíràn lọ́la. Aṣọ ìkélé alàwòrán tí Ànábì kọ̀ nínú ilé Nana Aishat, nígbà tí wọ́n gé e ṣe ìrọ̀rí, ó di ohun tí a ń fara tì. Ipò tí a gbé nǹkan sí ṣe pàtàkì nínú ìdájọ́.

Àwọn àgbà ńkọ́? Ní Ọ̀wọ̀, ní àwọn ọdún 1930, Justus Akeredolu bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún igi gbẹ́ ènìyàn kéékèèké. Ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, ibi ìfihàn ọkọ̀ ojú irin kéékèèké kan tí wọ́n ṣí ní ọdún 2001 ní ènìyàn oníke tí ó ju 200,000 lọ, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Àgbà kò lè wọ aṣọ ìyọ̀ǹda ọmọdé. Mùsùlùmí tí ó dàgbà, tí ó fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó ṣe ọkọ̀, afárá, ibùdó àti igi; Ibn Abbas ti gba aláwòrán nímọ̀ràn pé kí ó ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Bí kò bá sì lè ṣe é láìsí ènìyàn, kí ó yẹra fún ojú, imú àti ẹnu, nítorí Jibril ní kí wọ́n gé orí ère kí ó lè dà bí igi.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dunni jù ni pé wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Baba tí ó fọ́ ọkọ̀ agolo ọmọ rẹ̀ ní àárọ̀ lè gun tírélà tí oǹdè rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó dírẹ́bà ní ọ̀sán, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé oǹdè náà ni yóò mú òun délé. Ànábì ti ka gbígbé oǹdè kọ́ sí ẹbọ. Ní ilé kan náà, àwòrán ńlá ti àáfà àgbà wà lára ògiri, ibi tí àwọn kan ti ń fọwọ́ kàn án fún ìbùkún. Èwo nínú wọn ni ó sún mọ́ ohun tí Ibrahim fi àáké fọ́: ọmọláńgidi inú agolo, tàbí ohun tí àgbà gbẹ́kẹ̀ lé?

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ọkọ̀ agolo sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í pé ta ló lè fi ẹ̀mí sí dírẹ́bà amọ̀ yìí lára. Yóò dáhùn pé Ọlọ́hun nìkan ni. Taohíìdì ni ó kọ́ yẹn, láìsí ẹkún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ṣeré lẹ́bàá ojú irin tàbí lábẹ́ tírélà. Bí àkókò ìrun bá tó, kí ó gbé ohun ìṣeré rẹ̀ kúrò níwájú olùkírun. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ tú oǹdè inú ọkọ̀ gidi sílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye ẹ̀sìn Rẹ̀, kí Ó sì fi àánú sí ọkàn wa fún àwọn ọmọ wa. Àámín.