Ẹ Mú Orin Yín Dání Lọ sí Oil Mill

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà, ọ̀rọ̀ ọjà ni.

Gbogbo wa la mọ bí Oil Mill ṣe máa ń rí ní Ọjọ́rú. Èrò á kún ojú ọ̀nà Aba, ọkọ̀ ò ní ríbi kọjá, oníkálukú á sì tẹ́ ẹrù sílẹ̀ títí dé etí títì. Ìpínlẹ̀ Rivers yìí náà ni ìlú Okrika wà, èyí tí gbogbo Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ pe aṣọ àlòkù. Kò sí ẹni tí yóò ra òkìríkà láì tú u wò, láì nà án, láì gbé e sókè sí oòrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ẹ̀rọ MP3 tí à ń fi sápò gbọ́ orin, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a máa ń ṣe. Àwọ̀ rẹ̀ là ń wò, orúkọ tó wà lára rẹ̀ là ń kà. Ọlọ́jà á fi orin tirẹ̀ sí i, á gbé ohùn rẹ̀ sókè, orí wa á wú, owó á sì jáde. Ojú la fi ń ra ohun tí etí yóò lò!

Ẹni tí yóò ra bàtà kì í fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ nílé. Èrò tiwa ni pé ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ MP3 kò gbọdọ̀ fi orin rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ẹ fi orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ mọ̀ dunjú sínú mẹ́mọ́rì káàdì kékeré kan, kí ẹ mú un dání lọ sí ọjà. Ẹ̀rọ tí kò bá ní ihò mẹ́mọ́rì káàdì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé e kalẹ̀. A ó sọ ìdí rẹ̀.

Èkíní, orin wa gùn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé iPod jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, wọ́n ní yóò gba orin 1,000. Orin oníṣẹ́jú bíi mẹ́rin ni wọ́n ń kà. Ẹ wá wo àwo jùjú Sunny Ade tàbí àwo fújì Ayinde Barrister láyé àwo olójú méjì: ojú kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tó tó ìṣẹ́jú 20. Ìyẹn ni pé orin tiwa kan gba àyè orin tiwọn márùn-ún, 1,000 wọn sì di 200. MPMan tí wọ́n ṣe ní Gúúsù Kòríà ní ọdún 1998, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ní àyè 32MB. Bí ìdajì wákàtí ni. Odindi àwo fújì kan kò lè wọ inú rẹ̀!

Nítorí náà, ẹ fi orin gígùn kan sí ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ sá a dé àárín, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn. Bí ó bá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin, kì í ṣe ẹ̀rọ onífújì, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ oléwì.

Èkejì, ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Fraunhofer ní Jámánì wà lára àwọn tó ṣe MP3. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé kí a yọ ohun tí etí kò ní fura sí kúrò, kí orin lè kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un jù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń fi hàn: á máa dún bí ẹni ń da omi sórí páànù. Orin tí a fi 128 kbps ṣe ń gba bíi 1MB ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí a fi 320 ṣe ń gba bíi 2.4MB. Ẹ má ṣahun: 192 sókè ló yẹ ìlù wa. Orin tí ẹ mú láti ilé, tí ẹ ti mọ bí ó ṣe ń dún, ló lè sọ òótọ́ fún yín. Bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn lọ́jà, ẹ̀rọ tàbí íápíìsì ló ní ẹ̀bi. Bí orin ọlọ́jà bá ń ṣàìsàn, ta lẹ fẹ́ mú?

Ẹ̀kẹta, mẹ́mọ́rì káàdì ayédèrú pọ̀. Wọ́n á kọ 64GB sí i lára, kó má gbà ju 8GB lọ. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni kí a rọ orin kún un, kí a wá gbọ́ àwọn tó wọlé kẹ́yìn. Èyí kò ṣeé ṣe lórí ìdúró. Ẹ fi pijin bá ọlọ́jà sọ ọ́ kedere pé bí kò bá pé, ẹ ó dá a padà ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí fóònù wà, kí la tún ń wá MP3 fún?” Òótọ́ ni pé fóònù ń kọrin. Ṣùgbọ́n bí ìpè bá wọlé, orin dákẹ́. Bí orin bá fa bátìrì tán, a kò rí fóònù pe ilé mọ́. Orin tí à ń fi dátà gbọ́, àyálò ni. Bí dátà bá tán, olówó ti gba ẹrù rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní orúkọ ńlá ló ń ṣọ́ni. iPod ní orúkọ, síbẹ̀ kò ní ihò káàdì rí, Apple sì kéde ní ọdún 2022 pé àwọn kò ní ṣe é mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ rèé. Kásẹ́ẹ̀tì sákárà àti àpàlà àwọn bàbá wa wà nílé, nínú páálí lábẹ́ ibùsùn. Ooru ń bà wọ́n jẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń rọ orin sí káàdì lọ́jà kò ní wọn, owó tí à ń san fún wọn kì í sì í dé ọwọ́ olórin. Okùn kan láti ara ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì sí ara kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú Audacity tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ti tó láti gbà wọ́n là. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan yóò gba wákàtí kan, kò jù bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tí a fi ń ké lórí ihò káàdì: ẹ̀rọ tí a kò lè fi orin ilé wa sí fúnra wa, orin ẹlòmíràn ni a ó máa fi gbọ́ títí ayé.

Bí a bá lọ ilé ní ìsinmi, kí oníkálukú mú kásẹ́ẹ̀tì kan bọ̀. Lẹ́yìn náà, Ọjọ́rú kò jìnnà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí.