Ẹ má torí fọ́tò lé ẹyẹ etí òkun

Fọ́tò tó bá lé ẹyẹ kúrò nídìí oúnjẹ rẹ̀ kì í ṣe fọ́tò gidi. Ẹnuwá ni mo ń gbé, Ifẹ̀ ò sì ní òkun. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ló ń lọ ṣe fàájì létí òkun l'Ékòó, a sì ń rí irú fídíò yìí lórí fóònù: ẹnìkan á sáré wọ àárín àwọn ẹyẹ kéékèèké, gbogbo wọn á fò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín á sọ.

Èyí tí Òyìnbó ń pè ní sanderling wà lára àwọn ẹyẹ yìí. Abẹ́ ikùn rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ìwọ̀n rẹ̀ ò sì ju ti ẹyin adìyẹ kan lọ, nǹkan bíi gíráàmù 60. Tí ìgbì bá fà sẹ́yìn, á sáré tẹ̀lé e, á máa ṣa kòkòrò inú iyanrìn tútù jẹ. Tí ìgbì bá ń bọ̀, á tún sáré padà. Ìhà àríwá ayé tó kún fún yìnyín, bíi Greenland, ni wọ́n ti ń pa ọmọ. Tí òtútù bá fẹ́ dé níbẹ̀, wọ́n á fò wá sí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kí wọ́n tó padà, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun títí ọ̀rá á fi wà lára wọn. Ọ̀rá yẹn ni epo ọkọ̀ wọn.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí a ò pa wọ́n, a kàn lé wọn ni." Ó dáa. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ wá lọ́jọ́ náà o. Tí ogún èèyàn bá lé wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ jẹun? Epo ìrìn àjò wọn lẹ ń bá wọn jó dànù.

L'Ẹ́nuwá, tí Ọlọ́jọ́ bá dé, a kì í sáré lọ bá Ọọ̀ni nítorí fọ́tò adé Arè. A ó wá ibi dúró sí, a ó gbé fóònù sókè, a ó ní sùúrù, Kábíyèsí á sì kọjá níwájú wa. Àsìkò Ọlọ́jọ́ yẹn gan-an, láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ yìí ń balẹ̀ sí etíkun wa. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn náà. Ẹ jókòó sórí iyanrìn, tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ẹ fi zoom fà wọ́n mọ́ra, ẹ má fi ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣa oúnjẹ bọ̀, wọ́n lè sún mọ́ yín fúnra wọn. Ojú ẹyẹ lẹ máa yà nígbà yẹn, kì í ṣe ìdí ẹyẹ tó ń sá lọ.

Tí wọ́n bá gbórí sókè, tí wọn ò jẹun mọ́, ó ti tó, ẹ sún sẹ́yìn. Àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá kò gbọdọ̀ fi ebi padà sílé nítorí "like" tiwa.