Ẹ̀tọ́ Ayàwòrán Ẹ̀fẹ̀ àti Ojúṣe Rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè dé ìlú àtijọ́ tí ó wà lókè yóò ti gbọ́ nípa àwọn àmì ara àpáta tí a ń fi han àlejò pé kò sí ẹni tí ó lè kà wọ́n. Àmì tí a kò lè kà kò lè tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ oníkòkó ní Ìdànrè tí kò mọ A yàtọ̀ sí B yóò wò ó, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì mọ ohun tí àwọn aláṣẹ ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe. Nítorí agbára yìí ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú àti ẹ̀yin olùkọ́ sọ̀rọ̀ lónìí.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ iyì àwòrán. Ní ayé ìjọsí, igi ọ̀pẹ ni Action Group fi tọrọ ìbò, àkùkọ ni NCNC fi tọrọ tirẹ̀, kí ẹni tí kò kàwé lè mọ ibi tí yóò dìbò sí. Ẹgbẹ́ tí ó fi àwòrán tọrọ ìbò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí àwòrán tí ó ń bi í léèrè ohun tí ó fi ìbò náà ṣe.

Ọmọ ilẹ̀ wa ni ó la ọ̀nà iṣẹ́ yìí. Akínọlá Láṣẹ́kàn, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni ó ń yàwòrán ẹ̀fẹ̀ fún West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1937. Ó fi gègé rẹ̀ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọ̀jà nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè la ẹnu wọn. A kò gbọdọ̀ gbàgbé oore náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣèlú ẹgbẹ́ gbóná lẹ́yìn ọdún 1950, gègé kan náà gbè sẹ́yìn NCNC, ó sì ń dojú kọ Action Group àti olórí rẹ̀, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti ní ẹgbẹ́. Àléébù ibẹ̀ ni pé gègé tí ó bá ń rí ẹ̀ṣẹ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ti di ọmọ ogun. Kì í ṣe ẹlẹ́rìí mọ́.

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ wa pé a lè fi ẹ̀fẹ̀ bá ọlọ́lá wí. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ ọdún Òkè'Bàdàn, àwọn ènìyàn a máa kọrin yẹ̀yẹ́ sí olówó àti tálákà, ẹni tí a sì kọrin sí a fara mọ́ ọn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìlú tí kò lè fi aláṣẹ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìbẹ̀rù ni ó ń gbé inú rẹ̀.

Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n jí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a ń pè ní Kibet Bull gbé ní Kẹ́ńyà, lẹ́yìn tí ó ti fi àwòrán òjìji ṣe ẹ̀fẹ̀ nípa Ààrẹ William Ruto. Oṣù Kíní ọdún 2025 ni ó tó padà sílé. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 39, fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ní èrò àti láti sọ ọ́ jáde. Abala 22 sì ní kí àwọn oníròyìn máa bi ìjọba léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Bí aláṣẹ bá rí i pé àwòrán kan parọ́ mọ́ òun, ilé ẹjọ́ wà. Àtìmọ́lé kì í ṣe èsì fún àwòrán.

Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Àwọn àwòrán nípa Ànábì Muhammad tí ìwé ìròyìn Jyllands-Posten tẹ̀ jáde ní Denmark ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005 di rògbòdìyàn ní Maiduguri ní oṣù Kejì ọdún 2006. Wọ́n sun ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹni tí ó pànìyàn ni ó jẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ náà, kì í ṣe ẹni tí ó yàwòrán. Síbẹ̀, ayàwòrán ní ilẹ̀ tí ẹ̀yà àti ẹ̀sìn pọ̀ bí tiwa gbọ́dọ̀ mọ ibi tí gègé rẹ̀ yóò balẹ̀ sí. Iṣẹ́ ọwọ́ aláṣẹ ni kí ó yà, kì í ṣe ilà ojú rẹ̀, tàbí àbùkù ara rẹ̀, tàbí ọ̀nà tí ó ń gbà sin Ọlọ́run. A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Kí ó wádìí kí ó tó yà, nítorí irọ́ tí a yà a máa pẹ́ lọ́kàn ju irọ́ tí a kọ lọ. Bí ó bá sì ṣì í, kí olóòtú rẹ̀ tọrọ àforíjì ní ojú ewé kan náà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ yín. Ẹ̀ ń gé àwòrán tí ó bú ẹgbẹ́ kejì pamọ́, ẹ sì ń fa èyí tí ó bá olórí yín wí ya. Ẹni tí kò lè fara da ẹ̀fẹ̀ nígbà tí ó wà nípò, kí ni yóò fi gba ara rẹ̀ nígbà tí ipò náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ wọ inú kíláàsì. Ẹ bi àwọn ọmọ léèrè pé: ta ni a yà, kí ni ó ṣe, ǹjẹ́ òótọ́ ni? Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbò. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó bá ti mọ ijó náà láti ilé ẹ̀kọ́, olóṣèlú kankan kò ní lè fi àwòrán tàn án jẹ, kò sì ní sọ òkúta lu ayàwòrán tí ó sọ òótọ́ fún un.